Owó Àwo Ti Di Owó Dátà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ orin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá gbogbo yín lẹ jọ ń palẹ̀ ilé mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mo mú mẹ́rin, ti àkọ́kọ́ ló máa gùn jù, ẹ fara dà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, a wá ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, la bá kan àpótí ńlá kan tó kún fún àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, Haruna Ishola, Ebenezer Obey, Sunny Ade, Ayinla Omowura, gbogbo ẹ̀ ṣì wà nínú páálí ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn orin o, oṣooṣù ni mo ń sanwó áàpù orin lórí fóònù, mo dẹ̀ ti daunlóòdù orin tó lé ní irinwó sínú ẹ̀. Oṣù tó kọjá ọwọ́ ò fẹlẹ̀, mi ò san, ìgbà tí mo ṣí áàpù yẹn nínú bọ́ọ̀sì báyìí, kò sí ìkankan tó kọ mọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti daunlóòdù. Ó wá ń yà mí lẹ́nu, àwo tí bàbá mi rà kí wọ́n tó bí mi ṣì wà níbí, èmi tí mo ti ń sanwó láti ọdún mẹ́ta ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Báwo la ṣe débí? — Ọmọ Alápòótí

ÈSÌ: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àpótí yẹn nù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti áàpù. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní daunlóòdù nínú áàpù oṣooṣù yẹn, orúkọ ló bá èyí tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Orin náà wà nínú fóònù yín lóòótọ́, ó ń jẹ ààyè, àmọ́ wọ́n ti tì í pa, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà, oṣù tí ẹ ò bá ti san, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ilé àyágbé ni. Bàbá yín, ilé tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ń gbé.

Bá a ṣe wá di ayálégbé nínú orin, ìtàn gígùn ni. Àwo àkọ́kọ́ tí àwọn bàbá wa àgbà rà, àwo 78 ni, ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan ẹ̀ ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tó bá já bọ́, ó fọ́ bí àwo ìjẹun, orúkọ ẹ̀ ro ó gan-an. Lọ́dún 1948 ni ilé iṣẹ́ àwo Columbia ní Amẹ́ríkà gbé élípíì jáde, tó ń yí ní 33, tí ojú kan ẹ̀ gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó wà nínú àpótí bàbá yín nìyẹn, tó bá jẹ́ àwo fífẹ̀ tó rọ̀ díẹ̀ ni.

Ríra àwo nígbà yẹn, ìpinnu ni o. Ẹni tó ń ta àwo á gbé lásípíkà síta, orin á máa ké dé òdìkejì títì, àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á mi orí díẹ̀, ẹni tó bá ti wọ̀ lára á wọlé lọ sanwó. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní giramafóònù nílé, á ra àwo náà, á gbé e dání lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ní, gbogbo ilé á jọ gbọ́ ọ, wọ́n á sì gbọ́ ọ títí wọ́n á fi mọ gbólóhùn tó kàn kí olórin tó yanu, torí àwo méjì mẹ́ta yẹn náà ni gbogbo ohun tó wà. Àwọn olówó àti àwọn ẹgbẹ́ sì tún wà níbẹ̀. Haruna Ishola kọrin nípa Oroki Social Club ti Òṣogbo lọ́dún 1971, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá kì nínú àwo báyẹn, ṣé ẹyọ kan lẹ rò pé ó máa rà? Á ra tiẹ̀, á ra ti àna, á ra ti ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá kó lè gbọ́. (Owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ olórin nígbà náà náà ṣá o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ayé àtijọ́ dùn jù, ìdí tí Haruna Ishola àti I.K. Dairo fi dá Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969 ni pé wọ́n fẹ́ kí àwọn olórin ní ilé iṣẹ́ àwo tiwọn.)

Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ yí ìwà wa padà. Philips ṣe é jáde lọ́dún 1963, ìgbà tó máa fi gbilẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa, dánfó àti takisí ló gbé e káàkiri. Àwo, ẹ ò lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ nílé. Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ wá rédíò tó ń gba méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ki ti ọ̀rẹ́ yín bọ ọ̀tún, ẹ ki èyí tí ò ní nǹkan kan nínú bọ òsì, ẹ tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, ẹ lọ jẹun, kí ẹ tó dé, ẹ ti ní tiyín. Àwọn kan fi ṣiṣẹ́ jẹ, ẹ kọ orúkọ orin tó wù yín sínú pépà, ẹ gbé e fún wọn, ìrọ̀lẹ́ ẹ wá gbà á. Kò sẹ́ni tó pe ara ẹ̀ lólè. Èmi náà ṣe é, mo ṣe é gan-an, mo tiẹ̀ máa ń fi báírò aláwọ̀ méjì kọ orúkọ orin sára páálí ẹ̀ kó lè jọ ti gidi.

Lẹ́yìn náà ni SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, nǹkan tí wọ́n fi ń tẹ àwo sì rèé, òkèèrè ló ti ń wá, ó di ọ̀wọ́n gógó, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó náà yọwọ́ nígbà tó yá, EMI ti ibí di Ivory Music, PolyGram di Premier. Àwo kú díẹ̀díẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì jogún ọjà. Nítorí náà nígbà tí síìdì máa fi dé ọwọ́ gbogbo ayé, a ti mọ́ ọn lára pé ẹ̀dà orin ò ní iye lórí.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, torí ìṣirò yìí ló ba ọjà jẹ́. Síìdì jáde lọ́dún 1982. Ìṣẹ́jú kan orin nínú síìdì ń gba nǹkan bíi MB mẹ́wàá, síìdì kan ò sì gbà ju orin ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ìyẹn albọ́ọ̀mù kan. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wá wà lára àwọn tó ṣe mp3, tó ń yọ ìró tí etí èèyàn ò ní fura sí kúrò, nígbà tó bá yọ ọ́ tán, ìṣẹ́jú kan orin á ku nǹkan bíi MB kan péré. Ẹ rí i? Síìdì kan náà tó ń gba albọ́ọ̀mù kan, ó lè gba mẹ́wàá. Wákàtí kan àti díẹ̀ di wákàtí mọ́kànlá! Àwọn ará ọjà Alaba l'Ékòó ò sì dúró gbọ́ àlàyé kankan lẹ́nu àwọn ará Jámánì, wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ olórin kan látọjọ́ tó ti ń kọrin sínú síìdì mp3 kan, wọ́n lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń tà á ní owó síìdì kan. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn wa yí padà. Ẹni tó ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé “ṣé tuntun Barrister ti jáde?” ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé “mélòó ló wà nínú ẹ̀?”

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Napster, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, dé lóṣù kẹfà ọdún 1999, àwọn ọmọ yunifásítì ń gba orin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, àwọn tó ń ta síìdì sọkún títí. Ni Apple bá ṣí iTunes Music Store ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2003, orin kan, sẹ́ńtì 99. Àárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mílíọ̀nù kan orin ti tà, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2010, ó ti di bílíọ̀nù mẹ́wàá. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi bíi dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ra síìdì kan nítorí orin kan ṣoṣo tó fẹ́ràn nínú ẹ̀, ó wá rí i pé òun lè ra orin kan yẹn kí òun fi ìyókù sílẹ̀. Ta ló máa tún ra ìyókù? Àmọ́ ẹ gbọ́ o, wọ́n ṣì ń rà. Sẹ́ńtì 99 ni, owó ni, orin á sì wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, á di tiwọn.

Àwa ò gba ẹnubodè yẹn kọjá rárá. Báwo la ṣe fẹ́ gbà? Ní 2003, káàdì wo lọ́wọ́ ta ló fẹ́ fi sanwó fún Apple? PayPal tí wọ́n fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pàápàá, ọdún 2014 ló tó ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, nígbà tó sì ṣí i, fífi owó ránṣẹ́ nìkan ló gbà wá láyè láti ṣe. GSM ti dé ní 2001 ní tiwa, fóònù tó ní Bluetooth àti mẹ́mórì kàádì sì tẹ̀ lé e, la bá kúkú fo ríra daunlóòdù, a bọ́ sí ojú títì lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kalẹ̀ sábẹ́ agbòòrùn, ẹ gbé mẹ́mórì kàádì fún un, ẹ ní “fi fújì kún un, fi gọ́sípẹ̀lì díẹ̀ sí i fún ìyàwó mi”, ó di. Àwọn olórin ọ̀dọ́ fúnra wọn náà rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tuntun síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí èèyàn lè daunlóòdù ẹ̀, kí wọ́n lè gbajúmọ̀, kí wọ́n lè rí òde lọ, òde ni owó wà.

Ẹ tún mọ nǹkan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín? Orin orí fóònù tí èèyàn rẹpẹtẹ wa kọ́kọ́ fínnúfíndọ̀ sanwó fún ni káláà tùùnù, àádọ́ta náírà lóṣù, olówó ẹ̀ gan-an kì í sì í gbọ́ ọ! Ẹni tó bá pè é ló ń gbọ́ ọ. Ìwà àwo Oroki náà ni ṣá, a ń rà á kí ẹlòmíì lè gbọ́ pé a rà á.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwa ò ń sanwó orin, mi ò gbà. À ń san án o, ilé iṣẹ́ fóònù là ń san án fún. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ̀rún náírà ra dátà, tó fi dátà yẹn gba orin, lọ́kàn tiẹ̀ ó ti sanwó orin náà, kí ló tún kù? Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àwo tẹ́lẹ̀ ló ṣí lọ síbẹ̀. Ìgbà tí áàpù orin Boomplay wá dé ní 2015, tí Spotify náà wá bá wa lóṣù kejì ọdún 2021, àwọn tí wọ́n bá lọ́jà ni àwọn tó ti ń gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di oṣooṣù kékeré, tàbí ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ìpolówó ọjà láàárín ẹ̀. A fo láti orí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bọ́ sórí ìyálégbé, a ò fi bẹ́ẹ̀ gbé nínú ilé tá a rà rí láyé daunlóòdù.

Ẹ̀yin, tí ẹ bá ní orin mẹ́wàá tàbí ogún tí ẹ ò lè ṣe aláìní, ẹ rà á ní rírà, iTunes Store ṣì ń tà, Bandcamp tí wọ́n ti ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà, fáìlì tí ẹ bá rà níbẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, Apple ti yọ tiẹ̀ kúrò lára orin láti 2009. Ẹ kó o sínú kọ̀ǹpútà, kó tún wà nínú fílásì kan tí ẹ ò ní yá ẹnikẹ́ni. Ìyókù, ẹ máa yá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá wa, ẹ kú làákàyè. Mo ń gẹrun ní Láfẹ́nwá l'Ábẹ́òkúta, fújì àtijọ́ làwọn kọ́sítọ́mà mi ń fẹ́. Tí mo bá wá a lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan á jẹ́ orin kan ṣoṣo tó gùn tó ìṣẹ́jú méjìlélógún, tí wọ́n kàn kọ “Side 1” sí, tí mo bá wá a níbòmíì, wọ́n á ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á gé e bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, orúkọ tí wọ́n fún un ò sì jọ nǹkan tí àwọn bàbá ń pè é. Kí ló fà á? — Agẹrun

ÈSÌ: Agẹrun, ẹ ṣeun. Àwo ló fà á. Jùjú, fújì, àpàlà, òde àríyá ni gbogbo wọn ti wá, onílù kì í sì í dúró lóde àríyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, orin kan ń wọnú èkejì ni, owó ń jábọ́ níwájú orí. Àwo 78 ò lè gba irú ẹ̀. Élípíì gbà á, ló fi jẹ́ pé àwọn olórin wa fi ojú kan odidi ṣe orin kan láìdánudúró, àwọn tó ń rà á sì mọ̀ ọ́n ní “ojú kìíní” àti “ojú kejì”. Ẹni tó bá wá gbé àwo yẹn sórí kọ̀ǹpútà lónìí, tó bá jẹ́ olóòótọ́, á kọ “Side 1” sí i.

Àmọ́ ọjà daunlóòdù, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n fi ń tajà níbẹ̀, ọjà áàpù tó tẹ̀ lé e sì tún burú fún onífújì. Lórí Spotify, tí èèyàn bá ti gbọ́ orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú méjìlélógún láti òkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjìlélógún gbọ́ orin oníṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀meje. Láti 2024 sì rèé, orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ọdún kan, kọ́bọ̀ ò ní wọlé fún un níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni orin náà, ṣé ẹ ò ní mú ọ̀bẹ? Ibi tí wọ́n ti wá ṣẹ̀ mí ni pé ẹni tó ń gé e, ó jọ pé aago ló ń wò, kì í fetí sí i, wọ́n gé ọ̀kan tí mo fẹ́ràn gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ dárúkọ bàbá ẹni tí wọ́n ń kì, orúkọ bàbá bọ́ sí inú orin tó tẹ̀ lé e, ó dà bíi pé bàbá òun ọmọ ò jọ ń gbélé.

Ẹ wo àwọn orin tuntun ná, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta. A ti padà sí ìwọ̀n àwo 78.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ní London ni mo wà, mo ta síìdì àti fíìmù Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọjà tó kú. Àwọn ọmọ mi ní àwo ti padà wọ fáṣọ̀n. Ọkọ mi fi bí ọgọ́rin àwo sílẹ̀, ọkùnrin òyìnbó kan ti wá, ó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Páálí síìdì tí mi ò tà tán náà wà nílẹ̀. Kí n gbà? — Màmá Síìdì

ÈSÌ: Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró ti ọjà. Ẹ má gbà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Òótọ́ làwọn ọmọ yín sọ, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, àwo tó tà lé ní mílíọ̀nù 41, síìdì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 33, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwo máa ju síìdì lọ ní iye láti ọdún 1987 nìyẹn. Àwọn tó ń rà á, púpọ̀ nínú wọn ń gbọ́ orin kan náà lórí fóònù, wọ́n kàn fẹ́ nǹkan tí ọwọ́ lè gbá mú ni.

Ti orin wa, àwọn òyìnbó ti ń wá a kiri tipẹ́, ilé iṣẹ́ àwo Soundway tó wà ní London níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín ti kó orin Nàìjíríà àtijọ́ jọ jáde láti 2007. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwo ló lówó lórí. Èyí tó tà bí omi nígbà yẹn, tó wà nílé gbogbo bàbá, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, èyí tí ẹgbẹ́ olórin kan tí ẹ ò rántí orúkọ wọn ṣe, tí wọ́n tẹ ìwọ̀nba díẹ̀, òun gan-an ni ọkùnrin yẹn ń wá, ó sì fẹ́ fi mọ́ àwọn tó kù. Kí àwọn ọmọ bá yín wo Discogs, ọjà àwo orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ wo iye tí wọ́n ti ta ọ̀kọ̀ọ̀kan rí, kì í ṣe iye tí àwọn olójúkòkòrò kọ síbẹ̀ pé àwọn fẹ́. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé, ẹ má kó wọn léra, ẹ sì gbé wọn kúrò nítòsí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru.

Kí ẹ tó ta ọ̀kankan, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ná. (Ọmọ Alápòótí, ọ̀rọ̀ tí mo ní ó ń bọ̀ nìyí o.) Ẹ̀rọ tó ń yí àwo, èyí tó ní okùn USB, ni ẹ máa lò, áàpù tó ń jẹ́ Audacity, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nu àwo láti àárín lọ bí ojú ìlà ẹ̀ ṣe yí po, ẹ má nù ún gba inú ìlà kọjá. Ẹ tọ́jú ẹ̀ ní WAV tàbí FLAC, oríṣi fáìlì tí kì í yọ nǹkan kan kúrò, kí ẹ tó wá ṣe mp3 nínú ẹ̀ fún fóònù, torí ohun tí mp3 bá ti yọ, kò ní padà mọ́. Ojú kan á gbà yín ní ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ẹ jókòó gbọ́ ọ.

Páálí síìdì, màmá, owó kékeré ni. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ẹ máa fi ta àwọn tó ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà, tí abẹ́ ẹ̀ ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀ kí ẹ tó tà á, òun kì í pẹ́ láyé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kásẹ́ẹ̀tì òde ìgbéyàwó àwọn òbí mi la ní, rédíò ti jẹ ẹ́, téèpù ẹ̀ ti lọ́ jáde bí ìfun. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? — Àbígbẹ̀yìn, Ìlọrin

ÈSÌ: Kò tíì bàjẹ́. Ẹ má fà á o! Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ fi ìka tẹ́ ibi tó ti ká sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ wá mú báírò Bic, èyí tó ní igun mẹ́fà, ó máa há sínú ihò kásẹ́ẹ̀tì dáadáa, ẹ máa fi yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti já, ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì pàdé láìgun ara wọn, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ojú tí kì í kan orí rédíò, tó bá sì ṣe é ṣe kó jẹ́ téèpù tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun lára ẹ̀ bí èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti bàjẹ́, ẹ má tíì kì í bọ rédíò kankan, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Tó bá mọ́, ẹ so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ti tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, torí ìgbà tó bá máa kọ yẹn lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn, ẹ sì pe bàbá àti ìyá yín wá jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa sọ fún yín ẹni tí wọ́n ń kì.